Ìlà Tí Ikọ́ Gbé Mì

Fàtímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Irú ló ń ṣe tà ní Ìsàlẹ̀-Ọba, ní Ìwó.

Ọdún méjìlélógójì ló ti fi ṣe é. Ọjọ́ Ajé ló máa ń se hóró rẹ̀, látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta, á tún un sè, á dà á sínú agbọ̀n, á fi ewé àti aṣọ bò ó pa. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá tí imú rẹ̀ kò ní sọ fún un pé irú ti dé.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Obìnrin àárín wà nílé ọkọ ní Olúpọ̀nnà. Abdulhafeez, àbíkẹ́yìn, ń wa kẹ̀kẹ́ láàárín ìlú. Mùrí, àkọ́bí, ti kú. Ọdún mẹ́fà rèé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Mùrí fi sílẹ̀, Kareemah, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Nusirat, ìyá ọmọ náà, lọ sí Oman ní ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ilé ẹnì kan ló ti ń tọ́mọ, tó ti ń dáná. Ọdún méjì ló dá nígbà tó ń lọ. Ọdún kẹrin rèé, kò tíì dé.

Fàtímọ̀ kò mọ̀wé. Ó mọ nọ́ńbà, ó sì mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i lára káàdì ìdìbò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láràárọ̀, Kareemah á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

“Màmá, ẹ káàárọ̀.”

Fàtímọ̀ á sì kì í. Ọmọ náà kì í dìde títí á fi kì í tán. Ìlà mẹ́fà ni.

Àjíkẹ́ mi, ọmọ Mùrí,
Ọmọ a-tẹrú-má-yọ̀,
Ọmọ ilé gíga tó kọjú sí ìlà oòrùn,
Àjíkẹ́ tí òjò wẹ̀ kí ìyá tó wẹ̀ ẹ́,
Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi, ilẹ̀ ti mọ́ bá ọ,
Òkè tó o bá gùn, kó má ga jù ọ́ lọ.

Márùn-ún nínú ìlà yẹn, ẹnu Fàtímọ̀ ló ti wá. Ìkẹrin, Nusirat ló dá a. Ojú ọ̀nà Kuta ni Nusirat bí Kareemah sí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ẹ̀gẹ́ ló ń gbé e bọ̀ wá sílé ìwòsàn, ló bá rì sínú ẹrẹ̀. Òjò ń rọ̀. Orí àpò ẹ̀gẹ́ ló bímọ sí, òjò sì fọ ọmọ náà mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí omi gbé wá. Lọ́jọ́ ìkómọ, nígbà tí Fàtímọ̀ ń kọ́ ọ ní oríkì ọmọ, Nusirat ní, “Màmá, ẹ jẹ́ n fi òjò sí i.” Fàtímọ̀ gbọ́ ọ, ó dára létí rẹ̀, ó fi í sí ipò kẹrin. Láti ọjọ́ náà, bí Nusirat bá ń ki ọmọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún yìí, láàárọ̀ ọjọ́ kan, Abdulhafeez wá gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó bá wọn níbi tí ìyá ti ń ki ọmọ-ọmọ, ó yọ fóònù, ó ya fídíò wọn, ó gbé e sórí Fesibúùkù. Ó kọ orúkọ Kareemah sábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ilé ìwé rẹ̀ àti ti agboolé wọn. Ó tún kọ ọ́ pé Oman ni ìyá ọmọ náà wà, kí àwọn èèyàn bá wọn fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Ohun rere ló ní lọ́kàn.

Àwọn èèyàn wò ó. Wọ́n kí wọn láti Ìlọrin, wọ́n kí wọn láti Lọ́ńdọ̀nù. Bí Abdulhafeez bá ti gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ohun tí Fàtímọ̀ máa kọ́kọ́ bi í nìyí.

“Mélòó ni wọ́n dà báyìí?”

“Ó ti wọ ẹgbẹ̀rún méjìlá, Màmá. Ẹ ti dolókìkí. Ẹ má wá gbàgbé wa o.”

“Ṣé wọ́n rí i pé ìpele mi ti ya?”

“Wọ́n rí i. Ìpele ọ̀hún náà ti dolókìkí.”

Inú Fàtímọ̀ dùn sí i. Kò lè parọ́ pé inú òun kò dùn.

*

Bí ọ̀rọ̀ fóònù ṣe rí nílé wọn nìyí. Fàtímọ̀ ní kékeré kan, onítọ́ọ̀ṣì. Kareemah ní ńlá kan tí ìyá rẹ̀ fi rán obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Oman, kí àwọn méjèèjì lè máa rí ojú ara wọn. Wọ́n rí ojú ara wọn fún oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni màdáàmù tí Nusirat ń bá ṣiṣẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní fóònù kì í jẹ́ kó ráyè ọmọ. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Nusirat ń rí i lò, lọ́jọ́ Jímọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Fóònù kékeré ti Fàtímọ̀ ló ń pè, torí nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló mọ̀ sórí.

Kareemah kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí wọ́n bá pè. Á ní dáadáa ni. Á ní ilé ìwé ń lọ. Tí ìpè bá ti parí, á di fóònù náà mọ́ àyà díẹ̀ kó tó dá a padà. Fàtímọ̀ máa ń rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ohun mẹ́ta mú kí ara fu Fàtímọ̀.

Àkọ́kọ́, Kareemah pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ló ṣófo dé ilẹ̀. Ìkejì, ó kó gbogbo ìró ìyá àgbà rẹ̀ fọ̀, tó fi mọ́ èyí tó wà nínú àpótí láti ọjọ́ Iléyá. Ìkẹta, ó kọ sára ìwé kan bí Fàtímọ̀ ṣe ń lo oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Fàtímọ̀ kò lè ka ìwé náà, Kareemah sì mọ̀. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún.

Ọjọ́rú ni. Kareemah ti dé láti ilé ìwé, àwọn méjèèjì ń ṣa òkúta kúrò nínú hóró irú lórí àtẹ.

“Màmá.”

“Hùn.”

“Tí mi ò bá sí nílé, ta ló máa máa bá yín gbé agbọ̀n?”

“Níbo lò ń lọ?”

“Mo kàn ń bèèrè ni.”

“O kàn ń bèèrè, lo fi fọ aṣọ inú àpótí mi?”

Kareemah wo àtẹ. Ó ṣa òkúta kan, ó tún un jù padà sínú hóró láìmọ̀. Fàtímọ̀ gbé àtẹ náà kúrò láàárín wọn.

“Mọ́mì ti ń kọ̀wé sí mi,” ni ọmọ náà wí. “Ọ̀sẹ̀ keje rèé.”

Gbogbo rẹ̀ wá tú jáde. Lórí Fesibúùkù ni. Mọ́mì ti rí fóònù mìíràn, màdáàmù kò mọ̀. Fọ́tò Mọ́mì ló wà níbẹ̀, èyí tó yà pẹ̀lú ìbòrí aláwọ̀ ewé. Kò lè sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu kí wọ́n má baà gbọ́ ọ nínú ilé, kíkọ ni ó máa ń kọ. Ó ń kọ ọ́ láàárọ̀, ó ń kọ ọ́ lọ́sàn-án. Ó ní bí òun bá pe fóònù Màmá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí Kareemah má dárúkọ rẹ̀ rárá, torí màdáàmù máa ń dúró ti òun. Ó ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Ní Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹni náà máa dúró de Kareemah ní Ojú Ọ̀nà Ìwó, ní Ìbàdàn níbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń já èèyàn sílẹ̀. Òun ló máa bá a ṣe ìwé ìrìnnà. Láti ibẹ̀, ó di Oman.

“Sátidé wo?”

“Sátidé yìí.”

“Ìyá rẹ ló ní kó o má sọ fún mi?”

“Ó ní ẹ máa sunkún, ẹ ò sì ní jẹ́ n lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn Fàtímọ̀ lọ́tùn-ún àyà, lójú ibi tó máa ń dùn ún bó bá gbé agbọ̀n tó wúwo. Kò rò ó pé irọ́ ni. Òótọ́ ló gbà á sí. Ó rò ó pé bí Nusirat bá fẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òun tí òun tọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin kò lè dá a dúró. Ó ro bí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ á ṣe rí láàárọ̀ Sátidé, tí kò ní sí ẹni tó kúnlẹ̀ níbẹ̀.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?” Kì í ṣe pé ó fura. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Nusirat pẹ́ sí i lẹ́nu ọmọ náà ni.

“Ó ń pè mí ní Àjíkẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò mọ Àjíkẹ́. Ó sì kì mí, Màmá. Látòkèdélẹ̀.”

“Ó kì ọ́?”

“Ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá náà ni. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rò pé inú ni ń run mí.”

Ó ti tó ọdún méjì tí Fàtímọ̀ ti gbọ́ kí Nusirat ki ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò gba oríkì.

“Kà á fún mi,” ló wí.

Kareemah mú fóònù, ó wá a, ó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Fàtímọ̀ di ojú. Ètè rẹ̀ ń bá a lọ láìsí ohùn. Àjíkẹ́ mi, ọmọ Mùrí. Wọ́n jọ ń lọ. Ọmọ a-tẹrú-má-yọ̀. Wọ́n jọ ń lọ. Ọmọ ilé gíga tó kọjú sí ìlà oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹnu wọn pínyà. Fàtímọ̀ bọ́ sínú òjò, Kareemah ti wà ní Dìde ńlẹ̀.

Fàtímọ̀ la ojú.

“Tún un kà.”

Ó tún un kà. Ìlà márùn-ún.

“Òjò dà?”

“Òjò wo?”

“Òjò tó wẹ̀ ọ́.”

Kareemah fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méje, kò kíyè sí i. Orúkọ rẹ̀ tó wà níwájú ti gbà á lójú.

“Bóyá ó gbàgbé ni.”

“Ìlà tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá? Lórí àpò ẹ̀gẹ́ tó bí ọ sí?”

“Ó ti pẹ́, Màmá.”

Nǹkan kan ń wá sí Fàtímọ̀ lọ́kàn, ó ń wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní kí ó gbé fídíò Abdulhafeez jáde. Láti bí oṣù mẹ́ta tó ti ń bèèrè iye èèyàn tó wò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ wò ó. Ó rí ara rẹ̀ lórí àpótí ìjókòó, ó rí Kareemah lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé. Ohùn rẹ̀ jáde. Ó dé ilé gíga, ó dé ìlà oòrùn, èéfín igi ìdáná fẹ́ wọlé, ó sì wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, torí ilé ìwé ti ń pẹ́ ọmọ, ó bọ́ sí Dìde ńlẹ̀.

“Dá a padà.”

Kareemah dá a padà. Ikọ́ méjì. Dìde ńlẹ̀.

“Ibi tí mo ti wúkọ́ ni ìyá rẹ gbàgbé,” ni Fàtímọ̀ wí. “Ibẹ̀ gan-an, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Ẹni yìí ò gbọ́ ọ lẹ́nu Nusirat. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ, níbí yìí.” Ó fi ìka kan fóònù.

Kareemah dìde fùú.

“Ẹ ò ṣáà fẹ́ kí n lọ ni!”

“Mi ò fẹ́ kó o lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo wúkọ́ níbẹ̀.”

Ọmọ náà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Kareemah kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi ti ilé ìwé dé. Ó wá jókòó ti Fàtímọ̀, ó sì kà á fún un láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Òun ló kọ ọ́ ránṣẹ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán: “Mọ́mì, ìlà kan kù nínú oríkì mi. Ẹ bá mi fi sí i.” Èsì tó dé nìyí: “Àjíkẹ́ mi, iṣẹ́ ibí ti jẹ́ kí n gbàgbé nǹkan púpọ̀. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ mi, ìwọ ni wàá máa rán mi létí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọkàn rẹ padà. Sátidé, aago mẹ́wàá. Ṣé o ti jẹun?”

“Kí lo fún un lésì?”

“Mo ní mo ti jẹun.”

Abdulhafeez dé, Fàtímọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ kan sórí kẹ̀kẹ́, ìkejì nílẹ̀, kò wọlé, kò jáde.

“Fídíò mi ni,” ló wí.

“Tìrẹ ni.”

“Mo kọ orúkọ ilé ìwé rẹ̀ síbẹ̀, Màmá. Èmi tí wọ́n ní mo gbọ́n nínú fóònù.”

“Èmi náà ló ń bi ọ́ ní mélòó.”

Ó yọ fídíò náà kúrò lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ Kareemah kó jẹ́ kí òun rí ọ̀rọ̀ tí ẹni náà ń kọ. Kareemah kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ òun àti ìyá òun ni. Abdulhafeez kò jà á gbà. Ó jókòó sórí pèpéle ẹnu ọ̀nà títí ọmọ náà fi fà á lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń kà á lọ ni ojú rẹ̀ ń yí. Ẹni náà ti bèèrè aago tí ilé ìwé ń jáde, ọ̀nà tó ń gbà wálé, ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ó ti bèèrè fọ́tò ojúde ilé wọn. Kareemah sì ti fún un ní gbogbo rẹ̀.

“O ò rí i pé ìyá rẹ ò lè máa bèèrè ilé tó ti gbé?” ni Abdulhafeez bi í.

“Ó ní ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti kun ún. Àárò ilé ń sọ ọ́.”

Abdulhafeez dá fóònù náà padà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Abdulhafeez ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbé e lọ sí tẹ́ṣàn. Ọlọ́pàá obìnrin kan gbà á sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fún ẹni náà lésì mọ́, kí ọmọ náà má dá jáde fún ìgbà díẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí fọ́tò ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn, kí ọmọ náà tilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà. Ibì kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, onítọ̀hún ò ní lè kọ nǹkan kan sí i mọ́. Abdulhafeez fi ibẹ̀ han Kareemah.

“Tẹ̀ ẹ́ báyìí.”

“Bọ̀dá Abdul, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì pè ná.”

Kò tíì gbà tán. Fàtímọ̀ rí i lójú rẹ̀. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti di aṣọ sínú rẹ̀. Bí Nusirat kò bá pè lónìí, ọ̀la ni Sátidé.

*

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù kékeré dún. Wọ́n ti kírun Jímọ̀, Abdulhafeez ti padà sídìí iṣẹ́. Fàtímọ̀ tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde síta, ó gbé fóònù náà sórí ẹní láàárín òun àti Kareemah.

“Màmá, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o. Ara le bí?”

“A dúpẹ́, Ìyá Kareemah. Ọmọ rẹ rèé.”

Kareemah sún mọ́ fóònù.

“Mọ́mì, ẹ kì mí.”

“Kí ló dé? Ara rẹ ò yá ni?”

“Ara mi yá. Ẹ ṣáà kì mí.”

Ariwo ọmọdé ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lọ́dọ̀ Nusirat, àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Àjíkẹ́ mi, ọmọ Mùrí. Ọmọ a-tẹrú-má-yọ̀. Fàtímọ̀ ń wo ojú ọmọ náà. Ó dé ìlà oòrùn. Ohùn náà sinmi díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Àjíkẹ́ tí òjò wẹ̀ kí ìyá tó wẹ̀ ẹ́.”

Kareemah bo ojú pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀. Nígbà tí Nusirat kì í tán, ó ní, “Hẹ́lòó? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?”

“Mọ́mì, ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀?”

“Wọ́n ní ó di lẹ́yìn Iléyá ọdún tó ń bọ̀.”

“Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá bá yín?”

“Wá bá mi níbí? Kareemah, má wá síbí o. Ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Èmi ni mò ń bọ̀ nílé.”

Fàtímọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ọ́ ṣókí: fídíò, fọ́tò, Ìbàdàn. Kò fi ti ara rẹ̀ pamọ́.

“Fọ́tò tèmi?” ni Nusirat wí. “Èyí tí mo fi ìbòrí aláwọ̀ ewé yà?”

“Òun ni.”

“Torí kí ó lè máa rí mi ni mo ṣe gbé e sórí Fesibúùkù.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Kareemah. Àjíkẹ́ mi. O ò ní lọ sí Ìbàdàn lọ́la?”

“Mi ò ní lọ.”

“Sọ ọ́ kí Màmá gbọ́.”

“Mi ò ní lọ, Mọ́mì.”

Ẹnì kan pe Nusirat láti inú ilé, lédè tí wọn ò gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé.

Kareemah fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kó aṣọ inú rẹ̀ sórí okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì padà wá jókòó sórí ẹní, ó gbé fóònù ńlá lé itan. Fàtímọ̀ ti rò pé ọkàn ọmọ náà á balẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

“Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun,” ló wí.

“Ta ni?”

“Ẹni yẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Mọ́mì. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bi mí.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń se oúnjẹ ọ̀hún, Màmá.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fàtímọ̀, kò lè rín in. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

“Oṣù kan lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú,” ló wí, “ẹnì kan ṣi nọ́ńbà pè, èmi ló pè. Ó ní, ‘Màmá, ẹ káàsán.’ Ohùn Mùrí ni. Mo mọ̀ pé Mùrí wà nínú ilẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sí i. Mi ò sọ fún un pé ó ti ṣì í. Mo ní, ‘Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?’ Ó ní dáadáa ni. Ó ń sọ fún mi nípa ọkọ̀ kan tó bà jẹ́ ní Ìkirè. Mo ní kó rọra, kó má bínú sí mẹkáníìkì.”

“Ó wá ńkọ́?”

“Ó bi mí bóyá àbúrò òun ti dé. Mi ò mọ àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ̀. Ó tọrọ àforíjì.”

“Ẹ ò bínú sí i?”

“Èmi ni mo tàn án. Mo pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó gbé e, mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní kí Abdulhafeez bá mi pa nọ́ńbà ọ̀hún rẹ́.”

“Ṣé ẹ kábàámọ̀ rẹ̀?”

Fàtímọ̀ ro ìbéèrè náà dáadáa, torí ó fẹ́ fún un ní èsì tó pé.

“Àárò ohùn náà ṣì ń sọ mí,” ló wí. “Mi ò kábàámọ̀ pé mo pa á rẹ́.”

Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù orí itan Kareemah dún lẹ́ẹ̀kan, ó tàn. Àwọn méjèèjì wò ó. Fàtímọ̀ kò lè kà á. Kareemah kà á, kò sọ ohun tó wà níbẹ̀, kò sì fún un lésì.

“Bọ̀dá Abdul ti fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí.”

“Ó sọ fún mi.”

“Mo fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kọ nǹkan kan sí i. Màá kàn kà á ni.” Ó gbójú sókè. “Màmá, ẹ jẹ́ n nìkan ṣe é.”

Fàtímọ̀ fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìka ọmọ náà bó ṣe ń tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n òun tí kò mọ̀wé, bó bá jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sóhun tó máa rí nínú fóònù náà. Ojú Kareemah nìkan ni yóò máa wò, ọmọ náà sì ti ní kó má wò ó.

“Ṣé wàá tẹ̀ ẹ́?”

“Màá tẹ̀ ẹ́.”

Fàtímọ̀ gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dìde, ó jáde.